Ọjọ́ Tí Tẹlifíṣọ̀n Kí Mi

Tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pálọ̀ mi kí mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mi ò sì dá a lóhùn. Ó ní, "Ẹ káàsán, mà." Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo wò ó lójú, mo jókòó, mo sì ń ṣa ẹ̀wà mi lọ. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì bínú sí mi. Ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹni tí kò bá sì mọ ibi tí mo ti ń bọ̀ á rò pé ìgbéraga ni.

Ọmọ ọmọ mi, Mọ́rẹ̀nikẹ́, ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ní Ìpọ̀nrí níbí ló ń gbé láti ìgbà tó ti parí ilé ìwé gíga, ó sì ti ń wá iṣẹ́ fún bí ọdún méjì. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, kọ̀ǹpútà rẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń pa dé bí ìwé, já bọ́ láti orí àga, ojú rẹ̀ sì fọ́. Ara rẹ̀ kò ní nǹkan kan o, ojú nìkan ló lọ. Mo rò pé yóò gbé e lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe, àfi bó ṣe mú wáyà dúdú kan jáde, tó ki orí kan rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà, tó ki orí kejì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n mi. Tẹlifíṣọ̀n kọ́kọ́ di búlúù, ó kọ ọ́ síta pé òun kò rí nǹkan kan. Ká tó wí, ká tó fọ̀, gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọmọ yìí ti wà lójú tẹlifíṣọ̀n: lẹ́tà tó kọ, àwòrán òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti àwòrán èmi náà níbi tí mo ti sùn lọ lórí àga tí mo la ẹnu sílẹ̀.

Mo bi í pé èwo wá ni kọ̀ǹpútà nínú méjèèjì. Ó ní èyí tó wà lórí àpótí ni. Mo ní tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Ó ní, "Grandma, ojú ẹ̀ lásán ni mo yá." Mo rò ó títí. Mo ti rí ẹni tó yá odó, mo ti rí ẹni tó yá aṣọ ìró, mi ò rí ẹni tó yá ojú rí. Ó ń tẹ nǹkan níbí, nǹkan náà ń hàn lọ́hùn-ún. Mo mú rìmóòtù mi, mo tẹ̀ ẹ́ kí n lè gbọ́ ìròyìn, ni iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe bá pòórá lójú tẹlifíṣọ̀n. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi rìmóòtù pamọ́ fún mi nínú ilé ara mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó sọ fún mi pé òun ní íńtáfíù láago méjì, pé ilé iṣẹ́ kan ní Yábàá ni, àti pé kí n bá òun gbàdúrà. Mo tètè dáná kó má bàa pẹ́. Nígbà tó di aago kan àbọ̀ tí kò tíì jáde, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Mo yọjú sí i. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti kóòtù dúdú lókè, ó wọ ṣòkòtò péńpé tó fi ń sùn nísàlẹ̀. Mo rò pé kò tíì múra tán ni. Mo ní Yábàá tó wà nítòsí yìí, ìgbà wo ló máa débẹ̀? Ó ní, "Mi ò lọ ibì kankan, Grandma. Ibí náà la ti máa ṣe é." Mo wá lóye pé àwọn ni wọ́n ń bọ̀ wá bá a. Mo gbá iwájú ilé, mo ki mínírà mẹ́ta sínú fíríìjì, mo sì lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kí àlejò tó dé.

Nígbà tí mo jí, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀kùn. Tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Mo ró ìró mọ́ àyà, mi ò wé nǹkan kan sórí, mo gbé àwo ẹ̀wà mi, mo jáde sí pálọ̀. Ọkùnrin kan tó lo gíláàsì àti obìnrin méjì ni wọ́n wà nínú tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin náà dá ọ̀rọ̀ tó ń sọ dúró, ó wo ọ̀kánkán mi, ó sì kí mi. Ibẹ̀ ni mo ti bá yín bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n Mushin ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Ilé tí yàrá ń kọjú sí yàrá la gbé nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gùn láàárín, kànga àti ilé ìdáná lẹ́yìn. Bàbá mi, gbẹ́nàgbẹ́nà tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, gba yàrá kan. Onílé wa ni Bàbá Sìfáwù, tí í rán tìmùtìmù, tí òwú kì í sì í kúrò nínú irùngbọ̀n rẹ̀ àfi lọ́jọ́ ọdún Iléyá. Sìfáwù ọmọ rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Ẹgbẹ́ ni wá, a jọ ń pọn omi, a jọ ń jẹ̀bi.

Ìgbà tí Bàbá Sìfáwù ra tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin méjì ló gbé e wọlé. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin bí àga, ó ní ilẹ̀kùn pákó méjì níwájú, ilẹ̀kùn náà sì ní kọ́kọ́rọ́. Bàbá mi yẹ igi rẹ̀ wò fún ìgbà pípẹ́, ó ní iṣẹ́ gidi ni, kò tilẹ̀ bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Etí ìró Ìyá Sìfáwù ni kọ́kọ́rọ́ náà ń gbé. Bí wọ́n bá kírun Mágàrìbì tán, á gbé abọ́ omi kan sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wa á fọ ẹsẹ̀ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, torí kò sí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ eléruku wọ ibi tí tẹlifíṣọ̀n wà. Lẹ́yìn náà lá wá tú etí ìró, tá á ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Bàbá Sìfáwù ò ráyè wò ó rárá. Ìta ló máa ń wà, tó di ọ̀pá eríà mú, nítorí bó bá ti fi í sílẹ̀ báyìí, òjò funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n. Ohùn rẹ̀ là ń gbọ́ lójú fèrèsé: "Ṣó ti dáa?" Àwa á ní ó ti dáa. Bí ẹni tó ra nǹkan ṣe di ẹni tí kò rí i nìyẹn, a ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀ nígbà náà.

Ọdún yẹn ni ìyá mi bí àbúrò mi ọkùnrin, Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, sì wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti wá bá wa wẹ ọmọ. Arúgbó tó mọ́ tónítóní ni. Kì í gbé ohùn sókè. Bó bá wẹ ọmọ tán, tó nà án, tó jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹta, oorun tí ọmọ náà máa sùn kì í ṣe kékeré. Èmi ni mo ń bá a gbé omi gbígbóná, èmi náà ni mo sì ń sùn ti ẹ̀yìn rẹ̀ lórí ẹní. Mi ò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni tó o nílé ayé.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n mú un wá wo tẹlifíṣọ̀n, ó fọ ẹsẹ̀ bí gbogbo wa, ó jókòó sórí ẹní. Ọkùnrin tó ń ka ìròyìn yọ, ó wọ agbádá, ó dé fìlà, ó ní, "Ẹ káalẹ́ o, gbogbo ilé." Kíá ni Màmá Àgbà kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ káalẹ́ o. Ẹ kú iṣẹ́. Ilé ńkọ́?" Ọkùnrin náà ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn, ó ń sọ̀rọ̀ afárá àti ọ̀nà. Màmá Àgbà dúró díẹ̀ lórí eékún, ó wojú rẹ̀, ó ní, "Iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn," ó sì padà jókòó.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Sìfáwù kàn bi í jẹ́jẹ́ pé, "Màmá, ẹ ṣe kúnlẹ̀ fún ọmọdé yẹn?" Ó ní, "A kì í ka ọjọ́ orí ẹni tó ru ọ̀rọ̀ wá bá ni láti ọ̀nà jíjìn." Láti ọjọ́ náà, bí Mágàrìbì bá ti ń sún mọ́, á wẹ̀, á wé gèlè, á ró ìró méjì, torí ó ń lọ síbi tí wọn yóò ti kí i. Bí ọkùnrin náà bá wúkọ́, á ní pẹ̀lẹ́. Bó bá wọ agbádá àná, á sọ fún ìyá mi pé ó dà bíi pé ìyàwó ọmọ náà ò sí nílé. Ojoojúmọ́ ló ń bi í pé ilé ńkọ́, ojoojúmọ́ ni kò rí èsì gbà, kò sì sú u.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà dàrú. Sìfáwù àti èmi ti lọ yẹ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n wò lọ́jọ́ kan tí kò sẹ́nìkan, eruku àti aláǹgbá kan la bá níbẹ̀. Ní ilé ìwé, Tíṣà wa ti kọ́ wa pé àwòrán ni, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e wá, pé ẹni tó wà níbẹ̀ kò mọ̀ wá, kò sì rí wa. Mo gba Tíṣà gbọ́. Mo sì tún rí Màmá Àgbà tó kúnlẹ̀. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń gba àwọn méjèèjì gbọ́ pọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Tíṣà náà fúnra rẹ̀ wá kí Ìyá Sìfáwù. Wọ́n gbé àga fún un. Mo jókòó síbi tí yóò ti rí mi, mo na ọrùn, torí èmi ni mo ṣe ipò kìíní nínú ìdánwò tó kọjá. Wọ́n ṣí tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin náà kí wa. Màmá Àgbà kúnlẹ̀, ó dá a lóhùn, ó bi í pé ilé ńkọ́. Mo rí i tí Tíṣà wò ó, tí ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Mo sì sọ̀rọ̀ sókè, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ ní kíláàsì: "Màmá, kò rí yín o. Àwòrán lásán ni. Ẹ̀ ń kí pákó."

Gbogbo pálọ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí wọ́n ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí wá ni wọ́n rín tán lọ́jọ́ kan. Sìfáwù rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀. Bàbá Sìfáwù ń bèèrè lójú fèrèsé pé kí ló dé, pé ṣó ti bàjẹ́ ni. Màmá Àgbà ṣì wà lórí eékún. Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ó fọwọ́ tẹlẹ̀, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì jáde. Tíṣà fọwọ́ pa mí lórí. Mo ti gba ohun tí mo fẹ́.

Màmá Àgbà kò wá mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ló ń jókòó sí nírọ̀lẹ́, àbúrò mi lórí itan rẹ̀, láìwé gèlè. Ohùn tẹlifíṣọ̀n máa ń dé ibẹ̀. Mo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, mo ń gbọ́ tí ọkùnrin náà ń sọ pé ẹ káalẹ́ o, gbogbo ilé, mo ń wo ẹnu Màmá Àgbà. Ẹnu náà kò mì. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún? Òótọ́ ni mo sọ. Kò sí ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún òótọ́.

Nígbà tí àbúrò mi pé oṣù mẹ́rin, ó ní òun ń padà sílé. Bàbá mi àti èmi sìn ín dé gáréèjì. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀ kó tó yíjú padà sí mi. Ó ní, "Mo ti gbọ́ pé kò rí mi. Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ náà ò rí mi ni?"

Mo ní, "Mo rí yín, Màmá."

Ó ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀."

Ojú mi kò fọ́, mo rí i dáadáa, kí wá ni ìbéèrè yẹn? Mo gbé e délé, mo bi Sìfáwù, òun náà ò mọ̀ ọ́n. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n wá sọ fún bàbá mi pé Màmá Àgbà ti sùn. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo ń sọ fún yín gan-an nìyẹn, ìyókù àlàyé ni. Mo dàgbà, mo kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, mo lọ́kọ, mo bímọ, mo sì ra tẹlifíṣọ̀n tèmi, àmọ́ mi ò dá a lóhùn lọ́jọ́ kan. Bí wọ́n bá kí wa, màá wojú àwo. Ó dà bíi pé bí mo bá lè dá wọn lóhùn, á jẹ́ pé lásán ni mo dójú ti Màmá Àgbà.

Ẹ wá rí ìdí tí mo fi ń ṣa ẹ̀wà mi lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọkùnrin onígíláàsì náà tún un sọ: "Màmá, ẹ káàsán o." Mo ní fún Mọ́rẹ̀nikẹ́ pé, "Ta ni ọkùnrin yìí ń kí tó báyìí? Ó sì jọ ẹni tí kò sùn dáadáa." Mọ́rẹ̀nikẹ́ ò yíjú. Ọrùn rẹ̀ le bí igi. Ó fi eyín sọ̀rọ̀, ó ní, "Grandma, wọ́n ń rí yín o."

Mo ní, "Àwọn wo?"

Ó ní, "Àwọn tó wà níwájú yín yìí. Wọ́n ń gbọ́ yín náà."

Mo gbójú sókè wo tẹlifíṣọ̀n. Ní igun rẹ̀ nísàlẹ̀, nínú fèrèsé kékeré kan, mo rí ìyá arúgbó kan tó ró ìró mọ́ àyà, orí rẹ̀ kò ní gèlè, ó gbé àwo ẹ̀wà lé itan. Mo rò pé, irú ìyá wo ló jáde báyìí níwájú àwọn èèyàn? Mo fọwọ́ mú ìró mi, òun náà fọwọ́ mú tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé èmi ni. Iṣẹ́ tí ọmọ yìí ti ń wá láti ọdún méjì, mo ti fi àìmọ̀ bà á jẹ́. Wọ́n kí àgbà ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò dáhùn, ó tún bú wọn lé e.

Ó yẹ kí n sá wọ yàrá. Ẹsẹ̀ mi kò lọ síbẹ̀. Mo gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, mo di apá àga mú, mo sì kúnlẹ̀ bí eékún mi ṣe gbà. Mo ní, "Ẹ káàsán o. Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé ẹ̀ ń rí mi. Ẹ kú iṣẹ́. Ilé ńkọ́?"

Mo gbọ́ ohùn náà bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi. Ohùn Màmá Àgbà ni. Ọkùnrin náà fò dìde lórí àga rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì pòórá nínú tẹlifíṣọ̀n, àga òfìfo nìkan la rí. Ohùn rẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ wá: "Ẹ dìde, mà, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ yín ni wá." Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó wá sún mọ́ iwájú, ó ní, "Ilé wà dáadáa, mà. Gbogbo wọn wà."

Ilé wà dáadáa. Mo dìde, mo gbé ẹ̀wà mi, mo wọ ilé ìdáná, mo sì sunkún níbẹ̀ bí ọmọ kékeré. Màmá Àgbà bèèrè ilé lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n lójoojúmọ́, èmi ni wọ́n wá dá lóhùn. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ó mọ̀, nígbà náà lọ́hùn-ún, pé ọkùnrin yẹn ò rí òun. Nígbà mìíràn màá rò pé ó mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Wọ́n sọ fún Mọ́rẹ̀nikẹ́ pé àwọn máa pè é. A ṣì ń retí. Kò bínú sí mi, ó kàn ní nígbà mìíràn kí n máa wé gèlè. Nǹkan púpọ̀ ti yí padà tí mi ò lè tò tán. Tẹlifíṣọ̀n ìgbà tiwa ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́, kò sì ríran. Tòní tín-ín-rín bí àwo, nígbà mìíràn ó ń ríran, nígbà mìíràn kò ríran, kò sì sí àmì lára rẹ̀ tí arúgbó lè fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Mo bi Mọ́rẹ̀nikẹ́ bí mo ṣe lè mọ ìgbà tó ń rí mi. Ó ṣàlàyé títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Mo ní ó ti yé mi. Kò yé mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, ó yọ wáyà dúdú náà kúrò, ó dá rìmóòtù mi padà fún mi. A jókòó láti gbọ́ ìròyìn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan yọ, ó wé gèlè aláwọ̀ ewé, ó ní, "Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa." Mo di apá àga mú, mo tẹ eékún mi wálẹ̀, mo ní, "Káalẹ́ o, ọmọ mi. Ilé ńkọ́?"

Mọ́rẹ̀nikẹ́ ní, "Grandma, eléyìí ò rí yín o. Ìròyìn lásán ni."

Mo yíjú sí i. Mo ní, "Mo mọ̀. Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ rí mi?"

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Mo rí yín."

Mo ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀."